Bẹ́ ẹ ṣe lè padà sínú ìjọsìn àpapọ̀ tó bá ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń dá sin Ọlọ́run nílé

Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé sí mi lóríṣiríṣi ọ̀nà láti bí ọdún mélòó kan. Nọ́ọ̀sì kan bi mí, ìyá ìbejì kan bi mí, bọ̀ọ̀dá kan tó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Lọ́ńdọ̀nù náà bi mí láàárín òru: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé dandan ni kí n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni? Mò ń gbàdúrà nílé, mò ń ka Bíbélì, mo sì ń wo ìsìn lórí fóònù, kí ló tún wá kù?" Àwọn míì tiẹ̀ ti fẹ́ padà tipẹ́, ojú ló ń tì wọ́n, wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa gbà wọlé. Mo ti ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo wá rò ó pé kí n kó gbogbo ẹ̀ jọ síbì kan, láti ohun tẹ́ ẹ máa ṣe lọ́jọ́ Sátidé títí dé ohun tẹ́ ẹ máa ṣe tí wọ́n bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán.

Kí là ń pè ní ìjọsìn àpapọ̀ gan-an

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ẹ wo bá a ṣe ń kọrin nílẹ̀ yìí. Ẹnì kan á lé, àwọn yòókù á gbè é. Tẹ́ni tó ń lé bá lé e tán tí kò sẹ́ni tó gbè é, orin ti kú sí i lẹ́nu nìyẹn, bó ti wù kóhùn ẹ̀ dùn tó. Ohun tí ìjọsìn àpapọ̀ jẹ́ lójú tèmi nìyẹn, kẹ́ ẹ wà níbẹ̀ láti gbè é. Lórí fóònù ẹ lè gbọ́ ẹni tó ń lé, ẹ sì lè gbè é nínú yàrá yín, Ọlọ́run á gbọ́, àmọ́ ẹni tó ń lé ò gbọ́ yín, obìnrin tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Furaidé tó jókòó sí bẹ́ǹṣì kẹta, tí ohùn yín ì bá gbé ró, òun náà ò gbọ́ yín.

Pọ́ọ̀lù sọ ọ́ nínú 1 Kọ́ríńtì 14:26 pé nígbà táwọn ará bá péjọ, kálukú ló ní ohun tó mú wá, ẹlòmíì orin, ẹlòmíì ẹ̀kọ́, kí gbogbo ẹ̀ lè gbé ìjọ ró. Éfésù 5:19 ní ká máa bá ara wa sọ̀rọ̀ nínú sáàmù àti orin ìyìn, ẹ wò ó dáadáa, bá ara wa ló sọ. Ẹsẹ táwọn èèyàn sì fẹ́ràn jù láti fi báni wí, Hébérù 10:25, tó ní ká má kọ ìpéjọpọ̀ wa sílẹ̀, wọn kì í ka ẹsẹ 24 tó ṣáájú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ wà: ká lè máa ru ara wa sókè sí ìfẹ́ àti iṣẹ́ rere. Ìdí tí mo fi máa ń bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀ ni pé ẹni tí wọ́n bá fi ẹsẹ 25 nìkan nà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì kì í pẹ́ níbẹ̀.

Àdúrà ìkọ̀kọ̀ yín ò ṣòfò o. Jésù fúnra ẹ̀ máa ń dá lọ sórí òkè lọ gbàdúrà. Àmọ́ Lúùkù 4:16 sọ pé ìṣe ẹ̀ ni láti wọ sínágọ́gù lọ́jọ́ ìsinmi. Ó ṣe méjèèjì.

Kó tó di ọjọ́ Àìkú

1. Ẹ sọ ohun tó mú yín kúrò fún ara yín. Ẹ má kàn sọ pé "mi ò ráyè". Ṣé iṣẹ́ ni? Ṣé owó ọkọ̀ ni? Ṣé ẹnì kan ló ṣẹ̀ yín? Ṣé ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ yín, tí ẹ ò fẹ́ kí wọ́n máa wojú yín? Àbí àdúrà kan tẹ́ ẹ gbà gbà gbà tí kò gbà, ọkàn yín wá tutù? Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ìtọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Ẹni tówó ọkọ̀ dá dúró, ìwàásù kọ́ ló nílò, ìjọ tó ṣeé fẹsẹ̀ rìn dé ló nílò.

2. Tó bá jẹ́ ìjà ni, ẹ bójú tó o kẹ́ ẹ tó lọ. Mátíù 5:23-24 ní kéèyàn fi ọrẹ ẹ̀ sílẹ̀ níwájú pẹpẹ, kó kọ́kọ́ lọ bá arákùnrin ẹ̀ làjà. Ẹ pe onítọ̀hún, ẹ má fi fọ́ìsì nóòtì gígùn ránṣẹ́, ẹ pè é. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mò ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, mi ò sì fẹ́ ká rí ara wa ká wá máa yẹra." Ó tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí dáadáa: tó bá jẹ́ pé onítọ̀hún lù yín ni, tàbí ó fọwọ́ kàn yín lọ́nà tí kò tọ́, tàbí ó ń halẹ̀ mọ́ yín, ẹsẹ Bíbélì yẹn ò ní kẹ́ ẹ dá lọ bá a. Ẹ sọ fún ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán, ẹ fẹjọ́ sùn níbi tó yẹ, ẹ sì lè wá ìjọ míì láìsí ẹ̀ṣẹ̀ kankan lọ́rùn yín.

3. Ẹ yan ìjọ kan, ọ̀kan ṣoṣo. Mo mọ̀ pé àwọn kan á fẹ́ padà síbi tí wọ́n ti kúrò, ìyẹn dáa. Àwọn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbi tuntun, ẹ fi nǹkan wọ̀nyí wò ó:
 - Ṣé mo lè débẹ̀ láìwọ ju ọkọ̀ kan lọ? (Ọkọ̀ méjì lọ, méjì bọ̀, ẹ máa ṣe é fún oṣù kan, lẹ́yìn náà ó máa sú yín.)
 - Ṣé èdè tí wọ́n fi ń sìn ni mo fi ń gbàdúrà nígbà tí nǹkan bá le?
 - Ṣé wọ́n ń ka Bíbélì sétígbọ̀ọ́ èèyàn tí wọ́n sì ń ṣàlàyé ẹ̀, àbí ìtàn àlá nìkan ni?
 - Ṣé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó lè wá mi wá tí mo bá dùbúlẹ̀ àìsàn?

 Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ni kẹ́ ẹ mú ní ọ̀kúnkúndùn. Ṣọ́ọ̀ṣì tó tóbi dáa, ṣùgbọ́n ẹ lè lọ síbẹ̀ fọ́dún mẹ́ta kó má sẹ́ni tó mọ orúkọ yín, tó bá jẹ́ ibẹ̀ lẹ fẹ́, ẹ rí i pé ẹ wọ ẹgbẹ́ kan tàbí kíláàsì kan níbẹ̀ láàárín oṣù àkọ́kọ́.

4. Ẹ sọ fún ẹnì kan pé ẹ̀ ń bọ̀. Ẹnì kan péré tó ti ń lọ síbẹ̀. "Ọjọ́ Àìkú yìí màá wá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró dè mí lẹ́nu géètì." Tẹ́ni kan bá ti ń dúró de èèyàn, orí ibùsùn ò ní dùn ún sùn mọ́.

5. Alẹ́ Sátidé. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ayẹyẹ Sátidé tó wọ òru, bọ́ọ̀lù tí wọ́n wò títí, tíná bá tún lọ, aṣọ ò ṣeé lọ̀ láàárọ̀, ó tán. Nítorí náà kó tó di agogo mẹ́sàn-án alẹ́:
 - Aṣọ ti wà ní lílọ̀, ti àwọn ọmọ náà.
 - Owó ọrẹ àti owó ọkọ̀ ti wà lọ́tọ̀, ní ṣéńjì.
 - Bíbélì àti ìwé orin ti wà nínú báàgì.
 - Oúnjẹ ọjọ́ Àìkú ti ṣe tán, ó kéré tán ọbẹ̀.
 - Ẹ ti ka Sáàmù kan kẹ́ ẹ tó sùn. Sáàmù 122 dáa fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, orin àwọn tó ń gòkè lọ sí Jerúsálẹ́mù ni.

Ẹ mọ àṣà ilé tẹ́ ẹ̀ ń wọ̀

Ilé ló yàtọ̀, Ọlọ́run kan náà ni. Àmọ́ àìmọ àṣà ló ń jẹ́ kójú tini, mo sì ti rí ẹni tí ìtìjú kékeré lé lọ tí kò padà mọ́.

Tó bá jẹ́ Áńgílíkà, ẹ mú Ìwé Àdúrà àti ìwé orin dání tẹ́ ẹ bá ní, torí apá tó pọ̀ nínú ìsìn jẹ́ ohun tí àlùfáà á sọ táwọn ìjọ á dáhùn, tẹ́ ẹ ò bá mọ ibi tí wọ́n dé, ẹ bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, inú wọn á dùn láti fi hàn yín. Ìgbà tí wọ́n bá dìde, ẹ dìde, tí wọ́n bá kúnlẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹni tí orúnkún ń dùn lè jókòó kó sì tẹrí ba, kò sẹ́ni tó máa bi í. Ní ìjọ Àgùdà, ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ kì í jáde lọ gba Oúnjẹ Mímọ́ nígbà Máàsì, ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ wà kẹ́ ẹ máa gbàdúrà. Ní Sẹ̀lẹ́, bàtà kì í wọlé, ọkùnrin lápá kan, obìnrin lápá kejì, obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù kì í sì wọ inú ilé ìsìn, kẹ́ ẹ béèrè ṣáájú kó má di ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó sọ fún yín. Kérúbù àti Séráfù náà, ẹ wo ẹsẹ̀ àwọn tó ṣáájú yín wọlé. Ní Rìdíìmù àti ìjọ Onítẹ̀bọmi, Sọ́ńdè Sukúù ló máa ń ṣáájú ìsìn gangan, mo sì gbà yín nímọ̀ràn pé kẹ́ ẹ má fò ó, torí ibẹ̀ lẹ ti lè béèrè ọ̀rọ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa mọ orúkọ yín. Ìjọ tí gbogbo èèyàn ti ń gbàdúrà sókè lẹ́ẹ̀kan náà lè ya ẹni tí kò bá mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ má jáyà, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ tiyín, ohùn jẹ́jẹ́ náà àdúrà ni.

Ọjọ́ náà gan-an, láti ìgbà tẹ́ ẹ bá dé

1. Ẹ dé ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú. Ẹni tó bá pẹ́ á gbọ́dọ̀ wá àga níṣojú gbogbo èèyàn, ohun tẹ́ ẹ sì ń sá fún gan-an nìyẹn.

2. Ẹ jókòó sáàárín èèyàn. Mo mọ̀ pé ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ló máa wù yín. Ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ jókòó láàárín. Tẹ́ ẹ bá wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, orí àwọn ẹlòmíì lẹ ó kàn máa wò, bí ìgbà tó ń wo fídíò.

3. Ẹ kọrin pẹ̀lú ẹnu yín. Ibí ni mo ti fẹ́ dúró díẹ̀. Lọ́dún tí bàbá mi kú, oṣù márùn-ún ni mi ò fi dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ tí mo padà, mo mú ìwé orin dání, ẹnu mi ò ṣí. Ìyá àgbàlagbà kan ló jókòó tì mí, òórùn róòbù ń bọ̀ lára wọn. Wọn ò wojú mi, wọn ò bi mí ní nǹkan kan, wọ́n kàn sún ìwé orin tiwọn sáàárín àwa méjèèjì, wọ́n wá ń fi ìka tọ ìlà orin lọ, ìlà kan tẹ̀lé ìkejì, èékánná ìka yẹn ti dúdú bí ẹni pé nǹkan tẹ̀ ẹ́ nígbà kan. Tí wọ́n bá parí ẹsẹ kan wọ́n á fi ìka gbá ojú ìwé náà pẹ́, wọ́n á bọ́ sí ẹsẹ tó kàn. Nígbà tá a fi máa dé ẹsẹ kẹta mo ti ń gbè é lábẹ́ ohùn, ní ìkẹrin omi ti ń bọ́ lójú mi, wọn ò dúró, ìka wọn ń lọ. Mi ò rántí ìwàásù ọjọ́ yẹn. Tẹ́ ẹ bá lóhùn burúkú, ẹ kọrin. Tẹ́ ò bá lóhùn rárá lọ́jọ́ náà, ẹ tọ́jú ibi tá a dé fún ẹlòmíì.

4. Nígbà kíka Bíbélì àti ìwàásù, ẹ pa fóònù. Mo mọ̀ pé Bíbélì wà nínú ẹ̀. WhatsApp náà wà nínú ẹ̀, ó sì máa dún nígbà tí oníwàásù bá dé ibi tó kàn yín. Bíbélì oníwèé ló dáa jù, ẹni tí kò ní, kó pa dátà kó tó wọlé. Ẹ mú bírò, ẹ kọ ohun kan ṣoṣo sílẹ̀, ohun tẹ́ ẹ máa ṣe láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ má kọ gbogbo ẹ̀.

5. Ẹ ṣe Àmín tó dénú. Wọ́n á gbàdúrà fún aboyún, fún àwọn tó ń wáṣẹ́, fún ìjọba. Ó rọrùn kéèyàn máa ro ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ wo aboyún tó wà níwájú yín, kẹ́ ẹ ṣe Àmín fún òun. Ìgbà tó bá kàn yín, òun náà á ṣe tiyín.

6. Ọrẹ. Ẹ fún un ní ohun tẹ́ ẹ ti pinnu nílé. 2 Kọ́ríńtì 9:7 ní kálukú kó ṣe bó ti pinnu lọ́kàn ẹ̀, kó má ṣe pẹ̀lú ìbànújẹ́, kó má sì jẹ́ tipátipá. Tẹ́ ò bá ní, ẹ jó lọ síwájú kẹ́ ẹ jó padà, ẹ má jókòó torí ìtìjú.

7. Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, tí wọ́n bá ń ṣe é lọ́jọ́ náà. Ohun tí Pọ́ọ̀lù bínú sí ní 1 Kọ́ríńtì 11 ni pé ebi ń pa àwọn kan níbi tábìlì náà, àwọn míì ti yó kẹ́ri, ó wá ní kí wọ́n máa dúró de ara wọn. Nítorí náà kẹ́ ẹ tó jẹ ẹ́, ẹ wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan wà nínú ilé yẹn tẹ́ ẹ jẹ ní ẹ̀bẹ̀, tàbí tí ẹ mọ̀ pé kò tíì jẹun láti àná. Ẹ má fi ṣe ohun tẹ́ ẹ ń sáré gbà kẹ́ ẹ lè tètè lọ.

8. Tí wọ́n bá ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ń bẹ̀ yín. Ìdajì ìjọsìn wà nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn. Ẹ kí èèyàn mẹ́ta: àgbà kan, ẹgbẹ́ yín kan, àti àjèjì kan tó dá dúró bíi tiyín. Ẹ kúnlẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀ fún àgbà bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe nílé. Ẹ béèrè orúkọ, kẹ́ ẹ rántí ẹ̀.

Tí wọ́n bá ní kí àwọn àlejò dìde, ẹ dìde. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ ọmọ ìjọ tẹ́lẹ̀ tẹ́ ẹ ti pẹ́ lọ, tẹ́nì kan wá ní "Háà, ẹ̀yin náà rèé, a rò pé ẹ ti kú ni," ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní "Mo ti dé o," ẹ má ṣàlàyé fún ẹni tí kò béèrè pẹ̀lú ìfẹ́.

Àṣìṣe tí mò ń rí jù

*Lílọ wo bí kọ́áyà ṣe kọrin.* Ọ̀pọ̀ á délé tán, ohun tí wọ́n á sọ ni pé "ìsìn òní ò wọ̀ mí lára". Ìbéèrè tí mo máa ń bi wọ́n ni pé ta lẹ gbè orin fún? Tẹ́ ò bá gbè é fún ẹnì kankan, báwo ló ṣe máa wọ̀ yín lára?

*Gbígbé fóònù sókè láti ya fídíò.* Ẹni tó wà lẹ́yìn yín ò ríran, ẹ̀yin náà ò sì sí níbẹ̀ mọ́, ẹ ti kúrò lára àwọn tó ń jọ́sìn, ẹ ti di àwọn tó ń wòran.

*Dídé nígbà ìwàásù, lílọ ṣáájú ìbùkún.* Ẹ máa gbọ́ ọ̀rọ̀, ó dáa, àmọ́ ẹ ò bá ẹnikẹ́ni jọ́sìn.

*Ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta lóṣù kan.* Ọjọ́ Àìkú yìí lọ́dọ̀ wòlíì, tó kàn ní ibi tí orin ti dùn, tó kàn níbi ìkórè ọ̀rẹ́. Ẹ fún ìjọ kan ní oṣù mẹ́ta gbáko kẹ́ ẹ tó sọ pé kò bá yín mu. Igi tí wọ́n ń hú lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ ò lè ta gbòǹgbò.

*Ríretí pé gbogbo ìjọ á wá bẹ̀ yín wò.* Àwọn kan ń bínú sí ìjọ pé nígbà táwọn ò wá, kò sẹ́ni tó béèrè àwọn. Ó dunni lóòótọ́, mo sì máa ń sọ fáwọn olórí ìjọ pé kí wọ́n máa pe orúkọ. Àmọ́ ẹni tó bínú náà, ta ló ti béèrè rí?

*Oorun.* Ẹ má jẹ́ kó lé yín sílé. Ní Tíróásì, Ìṣe 20, Pọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀ títí di ọ̀gànjọ́, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Yútíkù sùn lójú fèrèsé, ó sì já bọ́ láti àjà kẹta, wọ́n gbé e ní òkú, àmọ́ Pọ́ọ̀lù dì mọ́ ọn, ó sì tún wà láàyè, wọ́n padà sókè, wọ́n bu àkàrà, Pọ́ọ̀lù sì sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò sẹ́ni tó bá ọmọ yẹn wí nínú ìtàn náà. Ẹni tó ṣiṣẹ́ alẹ́ tó sì wá, tó wá sùn, ó ṣì wà láàárín àwọn ará ẹ̀. Ẹ̀yin oníwàásù náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo aago.

Ìkìlọ̀: ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ kúrò níbẹ̀

Bí mo ṣe ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ lọ, kì í ṣe gbogbo ibi tí wọ́n kọ ṣọ́ọ̀ṣì sí lára ẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ dúró sí. Ẹ wábi míì lọ tẹ́ ẹ bá rí èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí:

- Wọ́n ní kẹ́ ẹ má lo oògùn tí dókítà kọ fún yín mọ́.
- Wọ́n ní kẹ́ ẹ lọ yáwó wá fi ṣe ìrúgbìn.
- Wọ́n ń fi àṣírí tẹ́ ẹ sọ fún pásítọ̀ wàásù.
- Wọ́n ní tẹ́ ẹ bá lọ, aburú máa ṣẹlẹ̀ sí yín.
- Olórí ìjọ fẹ́ máa rí ọmọbìnrin yín lóun nìkan, nínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀.

Mo ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan rí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, tí ọ́ṣà gbé mi dìde lórí àga tí mo ti jókòó sí láti agogo mẹ́jọ, torí ẹnì kan tó gbé jíìpù wá dé. Wọ́n gbé àga ike kan fún mi níta lábẹ́ kánópì. Mo jókòó síbẹ̀, mo ṣí Jákọ́bù orí kejì, ọ̀rọ̀ nípa ẹni tó wọ òrùka wúrà tí wọ́n ní kó jókòó síbi tó dáa àti tálákà tí wọ́n ní kó dúró lọ́hùn-ún, mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin lẹ́ẹ̀mejì. Mo bá olórí àwọn ọ́ṣà sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìsìn, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mi ò padà síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mo lọ síbòmíì, ohun tí mò ń rọ̀ yín pé kẹ́ ẹ ṣe nìyẹn: tí ilé kan bá lé yín, ẹ má jẹ́ kó di pé ẹ pa gbogbo ilé tì.

Tí kò bá ṣeé ṣe fún yín láti lọ lọ́jọ́ Àìkú

*Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ṣíìfùtù*, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílùú ọba tẹ́ ẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú, mo mọ̀ pé ọjọ́ Àìkú lowó ń pọ̀ sí i, nígbà míì ẹ ò tiẹ̀ lẹ́nu ọ̀rọ̀ lórí ọjọ́ tẹ́ ẹ máa ṣiṣẹ́. Ẹ mú ìsìn àárín ọ̀sẹ̀ tàbí ti alẹ́. Rìdíìmù ní háòsì fẹ́lóṣíìpù, ìpàdé kékeré nínú ilé, lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní kíláàsì, ọ̀pọ̀ ìjọ ní ìpàdé àdúrà tàbí ẹ̀kọ́ Bíbélì lálẹ́. Mátíù 18:20 ò béèrè ju ẹni méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ẹ wá ọmọ Yorùbá méjì níbi iṣẹ́ yín, ẹ pàdé fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́jọ́ kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: orin kan, Sáàmù kan, kálukú sọ ohun kan, ẹ gbàdúrà fún ara yín, ẹ lọ. Àmọ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ bẹ ọ̀gá yín fún ọjọ́ Àìkú kan.

*Ìyá ọmọ wẹ́wẹ́:* ẹ jókòó lẹ́bàá ẹ̀gbẹ́, ẹ gbé nǹkan jíjẹ fọ́mọ dání, tó bá ké ẹ jáde kẹ́ ẹ padà wọlé. Ẹni tó bá yí ojú padà wò yín, ẹ kí i pẹ̀lú ẹ̀rín. Ìjọ tí ọmọ kì í ké níbẹ̀, ọjọ́ ẹ̀ ò pẹ́ tán.

*Tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ló ṣẹ́ kù fún yín,* ẹ ṣe é báyìí:

1. Zoom sàn ju YouTube lọ, torí wọ́n ń rí yín, ẹ sì lè dáhùn. Ẹ ṣí kámẹ́rà.
2. Ẹ múra, ẹ kúrò lórí ibùsùn, ẹ má fi ìkòkò léná.
3. Ẹ pe ẹnì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ọmọ, àǹtí, aládùúgbò. Ẹ gbè orin sókè.
4. Kó tó parí, ẹ kọ orúkọ ẹnì kan tẹ́ ẹ rí níbẹ̀, ẹ pè é láàárín ọ̀sẹ̀.

Mi ò tako íntánẹ́ẹ̀tì. Láti ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020 tí ìjọba àpapọ̀ ti ní ká jókòó sílé nítorí àrùn Kòrónà ní Èkó, Ògùn àti Àbújá, títí di ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ tí ìjọba Èkó wá gbà kí wọ́n ṣí ilé ìjọsìn padà, òun náà la lò, Ọlọ́run sì gbọ́ wa nínú pálọ̀. Òjò ló pa wá mọ́lé nígbà yẹn. Ẹni tójò pa mọ́lé, tójò bá ti dá, ó yẹ kó jáde.

*Àwọn aláìsàn àti arúgbó tí kò lè jáde mọ́,* ọ̀rọ̀ tiwọn ò sí lọ́wọ́ wọn, ọwọ́ àwa tá a lè rìn ló wà. Ẹ má fi línkì nìkan ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ lọ bá wọn:

- Kẹ́ ẹ má ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, kẹ́ ẹ má pẹ́ ju ogójì ìṣẹ́jú.
- Kẹ́ ẹ pè ṣáájú, kẹ́ ẹ béèrè orin tí wọ́n fẹ́.
- Kẹ́ ẹ sọ fún àlùfáà tó bá jẹ́ pé wọ́n fẹ́ gba Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa nílé.
- Kẹ́ ẹ jẹ́ kí àwọn náà gbàdúrà fún yín. Ẹ má kàn gbàdúrà lé wọn lórí kẹ́ ẹ máa lọ.

Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ wọn lókè, àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì ti ju agbára wọn lọ báyìí. Ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù ni àwa mẹ́rin máa ń lọ bá wọn, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ojú wọn ò kàwé mọ́, síbẹ̀ wọ́n á ní ká gbé ìwé orin lé àwọn lórí itan, ká ṣí i síbi tó yẹ, wọ́n á fi ìka sí i. A á lé orin, wọ́n á gbè é.